Èmi Ni Mo Tan Ẹ́ńjìnnì Tó Gé Ọwọ́ Rámónì

Ẹ̀yin ará tó ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi kí ẹ tó dájọ́. Mi ò fi orúkọ mi síbí. Ará Ìlàjẹ ni mí, lápá Mahin, níbi tó jẹ́ pé omi ni títì wa. Ọkọ̀ ojú omi ni mò ń wà láti ìgbà tí mo ti di géńdé. Mo ti bímọ, mo ti lána. Ládùúgbò wa, bí wọ́n bá ń wá ẹni tó ṣe é fọkàn tán, orúkọ mi ni wọ́n máa ń dá. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu mi.

Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ kò jìnnà sí tèmi. Kò ní ọwọ́ ọ̀tún mọ́. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Rámónì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kọ́ nìyẹn. Gbogbo ènìyàn gbà pé ẹ́ńjìnnì ló ṣàdédé ta, tó gé e lọ́wọ́. Òun pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo tan ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ wà nídìí rẹ̀. Nígbà tó sì lọ béèrè ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, èmi náà ni mo dí i lọ́nà. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ó ti tó ọdún mélòó kan. Ohun tó mú mi sọ̀rọ̀ báyìí ni pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ tún ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́ ní Àkúrẹ́, èmi àti òun la sì jọ máa lọ. Ohun kan wà tó yẹ kí n ṣe kí ọjọ́ náà tó dé. Mo ti gbìyànjú rẹ̀, kò ṣeé ṣe. Ẹ jọ̀ọ́, ìmọ̀ràn yín ni mò ń wá.

Ilé-iṣẹ́ kan ló wá sí apá ọ̀dọ̀ wa láti gbẹ́ ìsàlẹ̀ omi, kí ọkọ̀ ńlá lè máa kọjá. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ga bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó léfòó lórí omi, tó ń fa ẹrẹ̀ àti iyanrìn sókè láìdúró. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ kì í wá sórí ilẹ̀ bọ̀rọ̀. Èmi ni wọ́n gbà láti máa wa ọkọ̀ tó ń gbé epo dísẹ́ẹ̀lì, omi mímu àti oúnjẹ lọ bá wọn. Iṣẹ́ gidi ni. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ti ń gba owó oṣù, ìkíni tirẹ̀ máa ń yàtọ̀.

Wọ́n ní kí n mú ẹnì kan wá tí yóò máa bá mi so ọkọ̀, tí yóò máa já ẹrù. Rámónì ni mo mú. Bàbá rẹ̀ àti bàbá mi jọ ṣiṣẹ́ ẹja títí wọ́n fi dàgbà. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwa ń lọ sí ìjọ Aládùúrà, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ọ́n sí ìyàtọ̀. Bí wọ́n bá ń ṣọdún, ilé wọn là ń kó sí. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ẹ̀gbọ́n ló sì ń pè mí. Apẹja ni kó tó dára pọ̀ mọ́ mi. Bó bá ju àwọ̀n, á tẹ́ rẹrẹ lójú omi bí ẹní. Àwọn àgbàlagbà máa ń dúró wò ó.

Ìyàwó rẹ̀, Sìdí, kò kọ́kọ́ fẹ́ kó ṣe iṣẹ́ náà. Ó ní ẹja kì í báni jà bí ọ̀gá. Èmi ni mo lọ bá a sọ̀rọ̀. Mo ní, "Sìdí, èmi ni mò ń wa ọkọ̀ náà. Kí ló lè ṣe é níbi tí mo bá wà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, òjò ti rọ̀ mọ́jú, omi dúdú. A gbé epo, a forí lé ibi tí ẹ̀rọ wà. Níbi tí omi ti há láàárín igbó, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wa kérora, ó sì kú. Àwọ̀n àtijọ́ kan tí wọ́n ti jù nù ló wé mọ́ irin tó ń yí lábẹ́ omi. Bí nǹkan bá wé mọ́ ọn bẹ́ẹ̀, ńṣe là ń gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè kúrò nínú omi, ká sì tú u. Ṣùgbọ́n ohun tó ń gbé tiwa sókè ti bàjẹ́. Mo ti sọ fún ilé-iṣẹ́, wọn ò ṣe é. Nítorí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ wọ inú omi.

Rámónì bọ́ ẹ̀wù, ó mú ọ̀bẹ, ó wọ inú omi. Omi náà mù ún dé àyà.

Ìlànà kan wà tí gbogbo awakọ̀ ojú omi mọ̀. Bí ènìyàn bá wà nídìí ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ á yọ kọ́kọ́rọ́, á sì fi í lé ẹni tó wà nínú omi lọ́wọ́. Ẹni náà ni yóò dá a padà nígbà tó bá gòkè. Èmi ni mo kọ́ Rámónì ní ìlànà yìí. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò yọ kọ́kọ́rọ́. Òun náà kò bi mí. Ó rò pé kò yẹ kí òun máa rán ẹ̀gbọ́n létí.

Fóònù mi dún. Máníjà ilé-iṣẹ́ náà ni. Ó ń pariwo. Ó ní ẹ̀rọ ti dúró nítorí epo, ó ní ṣé mo ti sùn sójú omi ni. Mo ní a ti ń bọ̀. Rámónì yọ orí, ó ju ègé àwọ̀n kan sínú ọkọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó ku díẹ̀." Ó mí kanlẹ̀, ó tún wọ abẹ́ omi.

Mo gbọ́ "ó ku díẹ̀" yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe pé mi ò gbọ́. Ariwo máníjà ṣì wà létí mi. Mo ti fóònù bọ àpò, mo rí i tí omi ru lápá ọ̀tún ọkọ̀, mo rò pé Rámónì ti yà síbẹ̀ láti mí. Mi ò bojú wẹ̀yìn. Mo rò pé bí mo bá tan án fìrí, yóò já ìyókù àwọ̀n náà fúnra rẹ̀. Mo tan án.

Mi ò ní sọ ohun tí mo rí. Mo fa Rámónì gòkè, mo fi ẹ̀wù mi so apá rẹ̀ dáadáa. Ẹ́ńjìnnì náà ti ń ṣiṣẹ́. Òun náà ló gbé wa dé Igbókòdá.

Lójú omi, Rámónì gbé orí lé ẹsẹ̀ mi. Ó béèrè pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe ẹ́ńjìnnì náà?" Mo ní, "Ó ta fúnra rẹ̀ ni." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó ronú kàn án. Ó ní, "Allāhu akbar," ó sì di ojú. Láti ọjọ́ náà, kò bi mí mọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n ní ọwọ́ náà kò ṣeé tò. Wọ́n gé e lókè ọrùn ọwọ́.

Lọ́jọ́ kejì, máníjà pè mí sínú ilé pákó tó jẹ́ ọ́fíìsì wọn létí omi. Èmi àti òun nìkan la wà níbẹ̀. Ó ní, "Ta ló wà nídìí ẹ́ńjìnnì?" Ó wò mí títí. Ó ní, "Bó bá jẹ́ ìwọ lo gé ọwọ́ ènìyàn, ọlọ́pàá ni yóò wá mú ọ. Ṣùgbọ́n ṣé kì í ṣe pé ọmọkùnrin yẹn mú ọkọ̀ lọ wo àwọ̀n tirẹ̀? Apẹja ṣáà ni. Ṣé ìwọ tilẹ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà yẹn?"

Ó la ọ̀nà náà fún mi, mo sì tọ̀ ọ́. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ̀ kalẹ̀ létí igbó láti lọ ṣe gáà, nígbà tí mo padà, mo rí i pé Rámónì ti tú ọkọ̀, ó ti lọ. Mo ní igbe rẹ̀ ni mo gbọ́. Máníjà ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó ní ó dáa. Nígbà tí ẹnì kan wá láti orílé-iṣẹ́ wọn, mo sọ ọ́ fún òun náà, nígbà yẹn ó ti ń yọ̀ lẹ́nu mi bí òótọ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi sọ mí di olórí àwọn awakọ̀ wọn.

Ìjọba ní ètò kan fún òṣìṣẹ́ tó bá fara pa. Mi ò mọ̀ nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀kan lára àwọn nọ́ọ̀sì ló sọ fún Sìdí ní ọsibítù, ló bá ní kí Rámónì béèrè. Ó béèrè. A retí, a retí. Nígbà tí èsì dé, ó gbé e wá sílé mi. Ó jókòó sórí afárá pákó iwájú ilé wa, ó na ẹsẹ̀ sí omi.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kì í ṣe ẹnu iṣẹ́ ni mo wà. Wọ́n ní àwọ̀n ara mi ni mo lọ wò. Àwọ̀n wo? Ta ló lè pa irú irọ́ yìí mọ́ mi?"

Mo ní, "Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe máníjà?"

Ó mi orí. Ó ní kò burú. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun pé àyè wà láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ó wá yí ojú sí mi, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Àwa méjì la ṣáà wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹ̀yin lẹlẹ́rìí mi."

Ẹ̀yin tó ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé ọkàn mi kò gbọgbẹ́ níbẹ̀. Mi ò jẹun lọ́jọ́ náà. Ìyàwó mi rò pé ibà ni. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tó wà lára mi ju ìbànújẹ́ lọ. Mo ní ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Mo ń rò pé bí mo bá yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n á bi mí pé kí nìdí tí mo fi kọ́kọ́ purọ́, ibẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ yóò ti yọjú.

A jọ lọ sí Àkúrẹ́. Ó wọ bùbá funfun tó máa ń wọ̀ lọ kí ìrun Jímọ̀, Sìdí ti fi abẹ́rẹ́ di apá ọ̀tún rẹ̀ kó má baà máa jù. Àwọn mẹ́ta ló jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà. Obìnrin kan tó wọ gíláàsì ló ń béèrè ọ̀rọ̀. Kò le, kò sì rọ̀. Ó ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Mo ní mi ò sí níbẹ̀. Mo ní mo sọ̀ kalẹ̀ létí igbó.

Rámónì yí orí, ó wò mí. Mo rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú. Obìnrin náà béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ó ní ohun tó fẹ́ bi mí. Ó ní, "Rárá, mà." Obìnrin náà ní ohun tí mo sọ bá ti ilé-iṣẹ́ mu. Wọ́n ní ẹjọ́ náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Nínú ọkọ̀ tí a wọ̀ padà sí Igbókòdá, ẹ̀yìn la jókòó sí. Mo ń retí pé yóò bú mi. Mo fẹ́ kó bú mi. Nígbà tí a kọjá Òǹdó, ó ra búrẹ́dì lójú fèrèsé, ó fi ẹsẹ̀ di ọ̀rá rẹ̀ mú, ó fi ọwọ́ òsì ya á, ó fún mi ní èyí tó pọ̀ jù. Ó wá rọra sọ̀rọ̀ kí àwọn tó kù má baà gbọ́.

"Wọ́n dẹ́rù bà yín, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀. Ẹ̀yin náà ní ọmọ. Ẹ má fi dá ara yín lóró. N ò ní sọ fún Sìdí."

Ó dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ohun tó dárí rẹ̀ jì mí kọ́ ni mo ṣe. Ó rò pé ojo ni mí. Kò mọ̀ pé èmi ni mo tan ẹ́ńjìnnì. Mo jẹ búrẹ́dì náà.

Láti ìgbà náà, mo sọ ara mi di ìránṣẹ́ ilé wọn. Bí mo bá lọ sọ́jà Igbókòdá, màá ra tiwọn mọ́ tèmi. Pákó ilé wọn tó jẹrà, èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀. Mo ń gbé ẹja tí Sìdí bá yan lọ sọ́jà lọ́fẹ̀ẹ́. Rámónì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún àwọ̀n ṣe, á fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ fa okùn, á fi ọwọ́ òsì ta á. Kò yá. Àwọn ènìyàn ń gbé àwọ̀n wá fún un nítorí àánú, ó sì mọ̀ pé nítorí àánú ni. Ẹni tí àwọn àgbàlagbà máa ń dúró wo tẹ́lẹ̀, kì í jáde mọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń ju àwọ̀n.

Àwọn ènìyàn sì ń yìn mí. Ní ọdún Iléyá kan, Lémọ́ọ̀mù wọn pè mí dìde láàárín àwọn àlejò. Ó ní kí gbogbo ènìyàn wo bí aládùúgbò ṣe ń ṣe. Wọ́n kí mi. Sìdí kúnlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ̀yin ará, bó ṣe pé ilẹ̀ wà lábẹ́ wa ni, ǹ bá ní kó lanu. Omi ló wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ilé-iṣẹ́ náà parí iṣẹ́ wọn. Wọ́n fa ẹ̀rọ wọn lọ, wọ́n tú ilé pákó wọn. Mi ò mọ ibi tí máníjà wà títí di òní. Iṣẹ́ tí mo torí rẹ̀ purọ́ ti lọ. Kò sẹ́ni tó lè lé mi mọ́. Mo sì tún dákẹ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé kì í ṣe nítorí iṣẹ́ nìkan. Orúkọ rere tí mo ní lójú Rámónì ni mi ò fẹ́ pàdánù.

Ní nǹkan bí oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó jẹ́ lọ́yà bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ Òde Ugbo ni, ó ń ran àwọn tí kò lówó lọ́wọ́. Ẹnì kan mú un dé ọ̀dọ̀ Rámónì. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó ní ọjọ́ ti lọ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n pé bí ẹ̀rí tuntun bá wà, wọ́n lè tún un gbọ́. Rámónì ní kó wá bá mi.

Ó bá mi níbi tí mo ti ń kun ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó jókòó sórí àga kékeré kan. A sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn òbí rẹ̀. Ó wá ní, "Bàbá, mo béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ mìíràn. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì tó ti kú kì í dédé ta bí kọ́kọ́rọ́ kò bá sí nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ibo ni kọ́kọ́rọ́ wà?"

Láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè yẹn rí. Mo gbé búrọ́ọ̀ṣì kalẹ̀. Mo ní, "Ó wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo yí i."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Kò pariwo. Nígbà tí mo parí, ó béèrè pé kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo ní ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á ní ẹ̀bi àwa òṣìṣẹ́ ni, Rámónì kò sì ní rí nǹkan kan gbà.

Ó wò mí bíi pé mò ń sọ èdè mìíràn. Ó ní, "Bàbá, wọn kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi. Bó bá ti jẹ́ ẹnu iṣẹ́ ló ti fara pa, tirẹ̀ ni. Ìbáà jẹ́ ẹ́ńjìnnì, ìbáà jẹ́ òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣèèṣì. Ká ní ẹ ti sọ òótọ́ lọ́jọ́ kìíní, wọn ì bá ti fún un."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà. Èmi náà ní kó tún un sọ. Òótọ́ náà kò ní pa Rámónì lára rárá. Òótọ́ gan-an ni ì bá gbà á là. Gbogbo ọdún tó fi ń fi ẹsẹ̀ fa okùn àwọ̀n, èmi nìkan ni irọ́ náà ń dáàbò bò.

Mo ní màá wá sọ ọ́ ní Àkúrẹ́. Ó ní òun á fi orúkọ mi síwájú wọn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi sọ fún Rámónì. Ó dìde. Ó ní, "Rárá, bàbá. Màá sọ fún un pé ẹ ti gbà láti wá jẹ́rìí. Èyí tó kù, ẹnu yín ló yẹ kó ti gbọ́ ọ."

Mo sọ fún ìyàwó mi. Púpurú ló ń rò lọ́wọ́. Kò dá a dúró. Ó rò ó títí ó fi jinná, ó bu oúnjẹ mi, ó gbé e síwájú mi. Ó wá ní, "Bàbá Tópẹ́, èmi ni mo gbé ọmọ Sìdí pọ̀n nígbà tí wọ́n ń gé ọwọ́ bàbá rẹ̀." Láti ọjọ́ náà, ó ń kí mi, ó ń dáná fún mi, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì mí mọ́.

Wọ́n ti dá ọjọ́ fún wa báyìí. Lọ́jọ́ tí lọ́yà sọ fún Rámónì pé mo ti gbà, ó sáré wá sílé mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí i kó sáré. Ó dì mọ́ mi lórí afárá, lójú àwọn ènìyàn.

Ó ní, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé lọ́jọ́ kan ẹ̀rù náà máa kúrò lára yín. Mo sọ ọ́ fún Ọlọ́run nínú ìrun mi."

Mo la ẹnu láti sọ ọ́ níbẹ̀. Mo ní, "Rámónì, ohun kan wà." Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ di Àkúrẹ́, kẹ́ ẹ má baà lo ọ̀rọ̀ yín tán." Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Mo ti lọ sílé wọn lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn ìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, Sìdí wà níbẹ̀, ó ń lọ bùbá funfun yẹn. Mi ò lè sọ ọ́ lójú rẹ̀, èmi tí mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ bá mi ṣiṣẹ́. Nígbà kejì, Rámónì nìkan ni mo bá. Ó ń gbèrò ohun tí wọ́n máa ṣe bí owó náà bá dé. Ó ní òun kò ní tún àwọ̀n ṣe mọ́, òun á ra ọkọ̀ kan, èmi ni màá máa wà á, a ó jọ máa pín èrè. Ó ní ta ni òun tún lè fọkàn tán. Mo jókòó títí tó fi dìde lọ kírun. Mo padà sílé.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò ní yẹ̀ ẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Mo ti bá pásítọ̀ wa sọ ọ́, mo ti bá àwọn ọmọ mi àgbà sọ ọ́. Bí wọ́n bá ní kí ọlọ́pàá mú mi lẹ́yìn tí mo bá sọ̀rọ̀, màá tẹ̀lé wọn. Rámónì á rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà, bí Ọlọ́run bá fẹ́. Kì í ṣe ìyẹn ni mo ń bi yín.

Ohun tí mo ń bi yín ni pé, ibo ni kí n ti sọ ọ́ fún un? Bí mo bá sọ ọ́ nílé rẹ̀, Sìdí àti àwọn ọmọ á wà níbẹ̀, ilé náà á dàrú kó tó jáde lọ ṣe ẹjọ́ rẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ nínú ọkọ̀, àwa méjì nìkan la máa wà lójú omi, èmi ni mo máa wà nídìí ẹ́ńjìnnì, kò sì ní sí ibi tó lè dìde lọ. Mi ò fẹ́ ṣe ìyẹn fún un. Bí mo bá sì dákẹ́ títí di iwájú àwọn tó ń gbọ́ ẹjọ́, ó máa gbọ́ ọ pẹ̀lú àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí, gẹ́gẹ́ bó ṣe gbọ́ irọ́ mi níbẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ènìyàn yín níkà rí, tí ẹ sì padà jẹ́wọ́ fún un, báwo lẹ ṣe bẹ̀rẹ̀? Ọ̀rọ̀ wo ni ẹ kọ́kọ́ sọ? Ẹ má kọ̀wé sí mi pé yóò dárí jì mí. Ẹ sọ fún mi bí mo ṣe máa sọ ọ́, tí kò fi ní jẹ́ pé òun ni yóò tún máa rẹ̀ mí lẹ́kún.